Ta Ló Ka Kálórì Náà?

Ẹjọ́ aago kan ni mo gbé wá síwájú yín lóṣù yìí. Aago náà kò jalè, kò sì purọ́ àkókò fún mi rí. Bó bá ní aago méje ti lù, aago méje ti lù náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló dá wa pọ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo padà gun òṣùwọ̀n lọ́dọ̀ dókítà, kílò méjì àti ààbọ̀ ni mo ti fi sanra sí i. Sanra ni mo wí o! Èmi tí mò ń rìn lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, mo jẹ́ ọmọ ọdún 52. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó bá a ní 150 lórí 96. Ó gbé mi sórí òṣùwọ̀n, kílò 94. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń kanlẹ̀kùn, kí n máa rìn, kí n dín oúnjẹ kù, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọmọkùnrin mi tó wà ní London gbọ́, ló bá ra aago ọwọ́ kan ránṣẹ́, irú èyí tó ní iná aláwọ̀ ewé lábẹ́, tó ń ka bí ọkàn ẹni ṣe ń lù. Ó ní, "Dádì, ẹ kàn máa wò ó ni. Á máa sọ iye kálórì tí ẹ bá jó fún yín."

Ẹ kàn máa wò ó kẹ̀! Mo wò ó débi pé ó kù díẹ̀ kí n rìn wọ inú gọ́tà.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Àlàájì a bọ́ sọ́nà láti Bódìjà, ó di ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn, a sì tún yí padà. Ìṣẹ́jú 50 ni. Bí mo bá ti dé iwájú ilé báyìí, aago á gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́ mi, iná á máa ṣẹ́jú, á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti jó kálórì 540, tàbí 580, nígbà mìíràn 640. Ẹ mọ bí onílù ṣe máa ń ṣe bó bá rí olówó lóde àríyá? Bí aago yẹn ṣe ń kì mí nìyẹn. Ẹni tí onílù bá sì kì, dandan ni kó náwó. Àkàrà lèmi fi ń ná tèmi. Bí ìyàwó mi bá ní, "Bàbá Táyọ̀, ẹ mà ti jẹ mẹ́fà," mo á na ọwọ́ sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i. "Ìyá Táyọ̀, 640 ni mo jó láàárọ̀ yìí. Kí ni ti àkàrà níbẹ̀?" Obìnrin náà á mi orí, á gbé àwo kúrò.

Oṣù mẹ́rin pé. Òṣùwọ̀n ní 96 àti ààbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò kúrò níbi tó wà. Dókítà yìí, obìnrin tí kò ju àkọ́bí mi lọ, wò mí títí. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kí lẹ ń jẹ?" Mo fi ìgboyà na aago sí i. Mo fi ti àná hàn án, mo fi ti ìjẹta hàn án. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, ta ló ka kálórì náà?" Mo ní aago ni. Ó ní, "Ìlù ọkàn yín ni aago kà, sà. Kálórì ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà.

Iná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ aago yẹn ń tàn wọ inú awọ ni. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbé irú iná bẹ́ẹ̀ mì. Bí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i lọ́wọ́, iná tó ń padà bọ̀ á dín kù. Bí ìlù yẹn bá ti kọjá, iná á tún pọ̀. Àlọ-àbọ̀ yìí ni aago ń kà. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ àyà bíi bẹ́líìtì tilẹ̀ tún jù ú lọ, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná kékeré tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń gbé jáde ló ń gbọ́. Títí dé ibẹ̀, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá aago rò. Ìlù ọkàn wà, aago gbọ́ ọ, ó kà á.

Kálórì ni mi ò rí ẹni tó kà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí ènìyàn ń jó ní tòótọ́ lè ti onítọ̀hún mọ́ yàrá kan tí afẹ́fẹ́ kò lè jò, kó wọn ooru tí ara rẹ̀ ń mú jáde, bí Wilbur Atwater ṣe ṣe é ní Yunifásítì Wesleyan ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1890. Tàbí kó fi ìbòmú bò ó nímú lẹ́nu, kó wọn ọ́síjìn tó ń lò: lítà ọ́síjìn kan, nǹkan bíi kálórì 5 ni, kálórì ti ara páálí oúnjẹ tí gbogbo wa mọ̀. Aago mi kò tì mí mọ́ yàrá, kò sì dé ibi imú mi. Ọrùn ọwọ́ ló jókòó sí. Kí ló wá ń ṣe? Àbá ló ń dá.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ilé tí kò ní mítà rí ló mọ àbá dídá. Ẹ ti rìnrìn àjò fún odidi oṣù kan, fìríìjì ti bàjẹ́ kí ẹ tó lọ, ẹ padà dé, bíìlì iná ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó wo àdúgbò, ó wo irú ilé, ó kọ iye tó tọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí aago ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé tiẹ̀ ń fún wa lówó dípò kó gbà á lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi bá a jà.

Ọkàn àti ọ́síjìn bára tan, mi ò jiyàn. Láti ọdún 1870 ni Adolf Fick, oníṣègùn ará Jámánì, ti là á yéni pé ọ́síjìn tí ara ń lò dúró lórí nǹkan mẹ́ta. Ẹ fi wé ọmọ tó ń pọnmi. Iye ìgbà tó lọ sódò, ọ̀kan nìyẹn. Bí korobá orí rẹ̀ ṣe tóbi tó, èkejì nìyẹn. Ìkẹta ni iye omi tí àwọn ará ilé bù lò nínú rẹ̀ kó tó tún padà. Aago mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka iye ìgbà tí ọmọ kọjá. Korobá ńlá ni àbí ife ìmumi, kò rí i. Ẹni tó ti ń sáré láti ọdún pípẹ́ ti ní korobá ńlá. Ọkàn rẹ̀ lè lù ní 110 kó gbé omi tí tèmi kò lè gbé ní 140.

Àwọn tó ń ṣe aago kì í sáábà fi ìṣirò wọn han aráyé, àṣírí ọjà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní gbangba, èyí tí Keytel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà tẹ̀ jáde lọ́dún 2005. Ènìyàn 115 tó ń ṣe eré ìdárayá déédéé ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n ní bí a bá mọ ìlù ọkàn, ìwọ̀n ara, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, a lè fojú díwọ̀n agbára tó ń lò. Mo kó tèmi sínú rẹ̀. Ọkùnrin, ọdún 52, kílò 94, ìṣẹ́jú 50. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní, ọkàn mi lù ní 110, ìṣirò ní mo jó kálórì 520. Ọjọ́ kan wà tí oorun gbé mi lọ, tó jẹ́ ọ̀sán gangan ni mo tó jáde. Ọkàn mi lù ní 128, ìṣirò ní 655. Ọ̀nà kan náà, bàtà kan náà, ìrìn kan náà! Kálórì 135 tó lé yẹn, oòrùn ló fi ta mí lọ́rẹ. Bí ooru bá mú, ara á máa darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ kó lè tutù, òógùn á sì fa omi jáde. Omi inú korobá á dín, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sódò lemọ́lemọ́. Omi tó ń délé kò pọ̀ sí i.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ní tábìlì tí wọ́n ń lò: ìrìn bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan ń ná ara ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ohun tí ìjókòó jẹ́jẹ́ ń ná an. Fún irú èmi yìí, ìṣẹ́jú 50 á jẹ́ bíi 270. Nínú 270 yẹn, ó tó bíi 80 tí ara mi ì bá jó bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ tí mò ń ka ìwé ìròyìn. Ohun tí ìrìn fi kún un wá jẹ́ 190. Aago sì ń pè é ní 640! Èyí tó kù, 450, àwìn ni mò ń jẹ lójoojúmọ́. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan, tó bá ní gíráàmù ṣúgà 10 nínú mìlílítà 100 kọ̀ọ̀kan, ti jẹ́ 200. Ṣíbí ìjẹun òróró kan, bíi 120. Inú òróró ni wọ́n sì ti ń din àkàrà, kì í ṣe inú omi.

Ó yẹ kí ojú mi ti là kó tó di ọjọ́ dókítà. Lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, Super Eagles àti Gúúsù Áfíríkà pàdé ní Bouaké, góòlù 1 sí 1, ọ̀rọ̀ di pẹnárítì. Mo ti ṣèèṣì tẹ aago sí eré ìdárayá. Orí àga ni mo wà o, mi ò gbẹ́sẹ̀, ọkàn mi ń lù ní 118. A jẹ wọ́n 4 sí 2, ilé dàrú. Nígbà tí mo wo ọwọ́, aago ní mo kú iṣẹ́, mo ti jó ju 100 lọ. Iṣẹ́ wo ni mo ṣe? Ariwo ni mo pa. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àlàájì. Òun náà ti ra aago. A jọ ń rìn ni, èjìká sí èjìká, ó tilẹ̀ sanra jù mí lọ díẹ̀. Síbẹ̀ bí tèmi bá kọ 580, tirẹ̀ á kọ 300. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó gbé e padà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, bákan náà ló rí. Ìgbà tó yá ni ẹnì kan sọ fún un pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ yára. Òótọ́ kúkú ni: irú oògùn bíi atenolol àti propranolol, iṣẹ́ wọn ni láti fa ọkàn sẹ́yìn kó má sáré. Ẹsẹ̀ Àlàájì ń ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀ mi, ẹran ara rẹ̀ ń lo ọ́síjìn bí tèmi, ẹni tó ń lù ló kàn ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ lù. Aago kò mọ èyí. Ó rò pé ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rẹ́ mi bá jókòó, ó ṣe ìṣirò tirẹ̀. Bí òun bá fi oògùn sílẹ̀, aago á máa kà. Ó fi oògùn sílẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lò ó, kò sọ fún mi, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, a kò tíì dé géètì Yunifásítì tó fi di ògiri mú, ó ní àyà òun ń já, orí òun fẹ́ là. Mo pe ọmọ rẹ̀, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Òkè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lé ní 190. Irú oògùn yẹn kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dá dúró lójijì. Ọkàn tí a ti ń fà sẹ́yìn tipẹ́ á ta bí ẹṣin tí ìjánu já. Ọlọ́run yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi oògùn sílẹ̀, ojú tì í láti sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́: nítorí kálórì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ẹjọ́ gidi pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "bóyá láàárín 250 sí 600", ta ni yóò tìtorí rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀? Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ bí ẹni ka owó: 583. Kì í ṣe 580 o, 583! Ẹni tó mọ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ó yẹ kó ti mọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó ṣáájú.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford dán irú aago bẹ́ẹ̀ méje wò lára ènìyàn 60, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Ní ti ìlù ọkàn, mẹ́fà nínú méje ni àṣìṣe wọn kò ju 5 nínú 100 lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó tọ́ sí wọn. Ní ti kálórì, kò sí ẹyọ kan tó yege. Èyí tó dára jù nínú wọn fi 27 nínú 100 ṣìnà, èyí tó burú jù fi 93 ṣìnà. Bí ẹni tó ń wọn ìrẹsì fún yín lọ́jà bá ṣìnà báyẹn, ẹ kò ní dúró gbọ́ àlàyé. Wọ́n tún rí i pé àṣìṣe máa ń pọ̀ sí i lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú àti ẹni tó sanra, tó bá sì jẹ́ ìrìn ni ènìyàn ń rìn. Dúdú, sanra, ìrìn: ẹ ò rí i pé èmi ni wọ́n ń bá wí! Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìwádìí mìíràn láti Yunifásítì Duke ní 2020 kò rí ìyàtọ̀ nítorí àwọ̀ ara. Ohun tí tiwọn rí ni pé àṣìṣe ìlù ọkàn fi 30 nínú 100 pọ̀ nígbà tí ara ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà ìsinmi lọ.

Kí ẹ tilẹ̀ wá sọ pé lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á tún aago ṣe, á sì kà á pé pérépéré. Ẹjọ́ kò tíì parí. Lọ́dún 2009, èsì kan jáde lórí àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà àti àwọn obìnrin adúláwọ̀ àgbègbè Chicago. Wọ́n fún wọn mu omi kan tí a lè tọpa rẹ̀ nínú ìtọ̀, èyí tó ń fi agbára tí ara lò hàn. Ta ni kò ní rò pé àwọn tiwa tó wà lábúlé ni yóò jó jù? Nígbà tí wọ́n yọ ti ìtóbi ara kúrò, agbára tí àwọn méjèèjì ń lò lórí ìṣiṣẹ́ ara kò yàtọ̀, kò sì sọ ẹni tí yóò sanra nínú wọn. Lọ́dún 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú rẹ̀ lára àwọn Hadza, ọdẹ ilẹ̀ Tanzania tó ń rìn kiri igbó lójoojúmọ́: ohun tí wọ́n ń jó lóòjọ́ kò ju ti àwọn òyìnbó tó ń jókòó lọ, bí a bá wo ìtóbi ara. Èrò Pontzer ni pé bí ara bá ná púpọ̀ sórí ìrìn, á fún ọwọ́ mọ́ níbòmíràn. Nítorí náà 190 tèmi yẹn pàápàá, mi ò dá a lójú pé gbogbo rẹ̀ ló wọlé.

Kí n wá sọ aago nù? Rárá o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe bí i. Ní Finland, lẹ́bàá ìlú Oulu, ni ọ̀jọ̀gbọ́n Seppo Säynäjäkangas ti dá ilé-iṣẹ́ Polar sílẹ̀ ní 1977. Ní 1982 wọ́n gbé èyí tí kò ní wáyà jáde, bẹ́líìtì láyà, aago lọ́wọ́. Àwọn tó ń fi pákó gígùn sáré lórí yìnyín ni wọ́n rò ó fún. Ohun tí olùkọ́ wọn fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni yìí ń lo ara rẹ̀ jù tàbí kò lo ara rẹ̀ tó. Iṣẹ́ tí aago mọ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ àkàrà kò sí níbẹ̀.

Ìyá Táyọ̀ ló gba iṣẹ́ kíkà lọ́wọ́ aago nílé wa. Òkèlè ló ń kà, kì í sì í dá àbá. Ní oṣù kẹfà 2024, kílò 91 ni òṣùwọ̀n kọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wá sí 138 lórí 88. Lára aago, ohun méjì péré ni mo ń wò báyìí. Èkínní ni iye tí ọkàn mi ń lù láàárọ̀ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: 84 ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ti wá di 72. Korobá ń tóbi nìyẹn. Èkejì ni bó ṣe ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tí mo bá ti dúró. Ojú ibi tí kálórì máa ń hàn sí, ọmọ mi ti bá mi pa á rẹ́ láti London. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó lè dá ìjà sílẹ̀.

Àlàájì ti padà sí oògùn rẹ̀. Lánàá òde yìí, a dé géètì Yunifásítì, mo ní, "Àlàájì, èló ni tìrẹ?" Ó wo ọwọ́, ó ní 88. Tèmi jẹ́ 112. Ó ní, "O ò rí i pé mo jù ọ́ lọ!" A yí padà. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà, òórùn àkàrà gbòde. Àlàájì dúró, ó ra mẹ́rin, ó fún mi ní méjì. Mo jẹ ẹ́, ó gbóná, ata inú rẹ̀ ta mí lẹ́nu. Mo fi ìwé tí wọ́n fi dì í nu ọwọ́, a ń lọ sílé.